Bí Ọ̀dọ́ Èkìtì Tó Parí Ilé-Ìwé Gírámà Ṣe Lè Gba Ètò Ìkọ́ṣẹ́ Ìjọba Dé Ìdí Iṣẹ́

Fún ọdún mẹ́jọ ni mo fi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Adó-Èkìtì, tí mo ń bá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé gírámà kọ fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìjọba bá ti kéde ètò ìkọ́ṣẹ́ kan báyìí, èrò á ti kún ẹnu ọ̀nà mi kí n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Lójú tèmi, oríṣi ọmọ méjì ló ń pàdánù jù. Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìwé kiri nígbà tí ìkéde ti jáde, àwọn kan sì wọlé, wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà tán, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún wọn. Nítorí náà, n kò ní bẹ̀rẹ̀ ìtọ́sọ́nà yìí láti orí fọ́ọ̀mù. Ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò san owó iṣẹ́ fún yín ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó padà wá sí orí ìwé, ọ́fíìsì àti fọ́ọ̀mù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹni tí yóò sanwó kí ẹ tó yan iṣẹ́

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan rìn yíká ìlú yín pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kí ẹ máa kọ àwọn iṣẹ́ tí àwọn ará ìlú ń ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ ọwọ́ láti ibòmíràn wá ṣe, àti orúkọ ẹni tó ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní Ìwọ́rọ̀kọ̀ àti ní Oyè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti kún inú ilé tí wọ́n gbà fún wọn, ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga-dẹ̀rọ kì í pẹ́ bàjẹ́, páìpù kì í sì í yéé jò, onílé kì í sì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sanwó ọdún kan wá bá òun jà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ púlọ́ńbà, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, tí ó sì máa ń gbé fóònù rẹ̀ lálẹ́, kò ní wá iṣẹ́ tì níbẹ̀. Ní Adó fúnra rẹ̀, ilé ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, wọ́n sì ń wá ẹni tí ń lẹ táìlì, ẹni tí ń ṣe fèrèsé aluminium, àti ẹni tó lè so iná sólà tí kò ní jó batiri ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé abúlé tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ni ẹ ń gbé, ẹ béèrè ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ìlọ̀ ṣe, kí ẹ sì béèrè iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ máa ń wà nílẹ̀ kí ó tó dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ka iye ṣọ́ọ̀bù tó ti wà nídìí iṣẹ́ tí ọkàn yín fẹ́. Mo mọ àdúgbò kan ní Adó tí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mọ́kànlá wà, síbẹ̀ ọmọbìnrin mẹ́ta láti ojúlé mẹ́ta níbẹ̀ ni mo bá kọ fọ́ọ̀mù aṣọ rírán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ aránṣọ kò burú rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ́ ìkejìlá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àwọn mọ́kànlá tó kù kò ráyè ṣe, bóyá aṣọ ilé-ìwé, bóyá kọ́tìnì, bóyá aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Ẹ wá lọ jókòó ti oníṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ní ọ̀sán tí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: iṣẹ́ mélòó ni wọ́n rí ní oṣù tó kọjá, irinṣẹ́ wo ni wọ́n kọ́kọ́ rà, àti irú oníbàárà wo ni kì í sanwó bọ̀rọ̀. Ìdáhùn ìbéèrè kẹta yẹn máa ń gùn, ó sì máa ń kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n ju méjì àkọ́kọ́ lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan bá àwọn òbí sọ níhìn-ín. Ìpínlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti jáde níbẹ̀ ni ìpínlẹ̀ wa, ojú sì máa ń ti bàbá mìíràn láti sọ pé ọmọ òun tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún ń gbé páìpù. Ọmọ náà lè kọ́ iṣẹ́ ní ọdún tí ó fi ń dúró de JAMB, kí ó sì tún lọ sí yunifásítì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jókòó sílé fún ọdún méjì nítorí ojú ayé. Bákan náà, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ irun àti oúnjẹ nìkan ni ètò ìkọ́ṣẹ́ ní fún ọmọbìnrin, nítorí iṣẹ́ sólà, títún fóònù ṣe àti iná mànàmáná ṣí sílẹ̀ fún wọn, àwọn ìyàwó ilé mìíràn sì máa ń fẹ́ kí obìnrin ni ó wọ inú ilé wọn wá tún nǹkan ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ tún ìwé yín ṣe kí ìkéde kankan tó jáde

Ibí yìí ni ìṣòro pọ̀ sí jù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ ra fáìlì kan, kí ẹ kó nǹkan mẹ́fà yìí sínú rẹ̀: ìwé NIN yín, èsì ìdánwò WAEC, NECO tàbí NABTEB (ìdánwò àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ), ìwé ẹ̀rí ìbí tàbí ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti ilé-ẹjọ́, ìwé ẹ̀rí pé ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkìtì ni yín, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì pẹ̀lú BVN, àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù tí kò pẹ́ tí ẹ yà. Ẹ ya fọ́tò ìwé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín, nítorí fóònù lè sọnù.

Nọ́ńbà mọ́kànlá ni NIN ní, ọ̀fẹ́ sì ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí. Àtúnṣe rẹ̀ ni wọ́n ń gbowó lé, àtúnṣe ọjọ́ ìbí sì wọ́n ju àtúnṣe orúkọ lọ. Báńkì ni wọ́n ti ń ṣe BVN, nọ́ńbà mọ́kànlá ni òun náà. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín, ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlógún tí Èkìtì ní, wọ́n sì lè ní kí ẹ kọ́kọ́ mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ ọba, baálẹ̀ tàbí káńsílọ̀ àdúgbò yín. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹ kò kánjú, nítorí ẹni tó ń kánjú ni wọ́n máa ń sọ fún pé ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí i kò sí níjokòó.

Ọ̀rọ̀ wá kù sórí orúkọ. Ní ilẹ̀ wa, ìdílé púpọ̀ ti yí Ògún tàbí Ifá inú orúkọ wọn padà sí Olú tàbí Jésù láti ìgbà tí wọ́n ti di onígbàgbọ́. Bàbá àgbà ń jẹ́ Ògúnlẹ́yẹ, bàbá ń jẹ́ Olúlẹ́yẹ, ọmọ wá fi ọ̀kan ṣe WAEC, ó fi èkejì ṣe NIN, báńkì sì kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ ní ìkékúrú. Ẹ̀rọ ni yóò fi àwọn orúkọ yìí wé ara wọn, ẹ̀rọ kò sì mọ ìtàn ìdílé ẹnikẹ́ni: lójú rẹ̀, Oluwafemi àti Femi kì í ṣe ènìyàn kan náà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi orúkọ tó wà lórí èsì ìdánwò yín ṣe ìpìlẹ̀, nítorí òun ló ṣòro jù láti yí padà, kí ẹ wá jẹ́ kí NIN àti BVN tẹ̀lé e. Ẹ ó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ fún ìwé ìbúra, ẹ ó gbé ìyípadà orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn bí ó bá jẹ́ odidi orúkọ ni ó yí padà, ẹ ó lọ sí ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, lẹ́yìn náà ni ẹ ó gbé NIN tuntun náà lọ sí báńkì. Ẹ má ṣe yí ètò yìí po, nítorí báńkì yóò dá yín padà bí NIN kò bá tíì yí.

Kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ọmọbìnrin kan wá láti Ìkọ̀lé ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ku wákàtí díẹ̀ kí ó tì, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá sì ni wọ́n bí i. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, oṣù ni mo fi síbi tó yẹ kí ọjọ́ wà, ó wá di ọjọ́ kọkànlá oṣù karùn-ún. Ó mọ ìwé, ó ní kírẹ́díìtì, orúkọ rẹ̀ kò sì jáde, nítorí ọjọ́ ìbí orí fọ́ọ̀mù kò bá ti NIN mu. Láti ọjọ́ náà ni n kì í ti fi fọ́ọ̀mù ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ láìjẹ́ pé mo yí kọ̀ǹpútà sí i kí ó kà á sókè láti òkè délẹ̀. Bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ẹ béèrè fún ẹ̀tọ́ yìí, kódà bí èrò bá wà lẹ́yìn yín tí wọ́n ń pariwo.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ọ́fíìsì tó ń ṣe ètò wo

Èyí tó bá ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ mu jù ni NDE, àjọ ìgbanisíṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1986. Ó ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, ti Èkìtì sì wà ní Adó. Nínú ètò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NOAS, wọ́n máa ń fi ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ìjọba á san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá, á sì máa fún ọmọ iṣẹ́ ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí àṣà tí àwọn bàbá wa ń lò, àyàfi pé ìjọba ló dúró sípò òbí tí ń gbé owó àti ọtí lọ fún ọ̀gá. NDE tún ní ètò School-on-Wheels, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n kó irinṣẹ́ sínú rẹ̀ tí ó ń lọ bá àwọn ará ìgbèríko, àti ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ fún ẹni tó ní ilẹ̀ ní abúlé. Ẹ má dúró de ìkéde kí ẹ tó lọ. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Adó, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tí ń wá iṣẹ́, kí ẹ sì fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀.

Èkejì ni ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ iléeṣẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Jos. Owó tí àwọn iléeṣẹ́ ń dá ni wọ́n fi ń ṣe é, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí wọ́n ń san lọ́dún. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí ITF ń kọ́ni fi máa ń jọ èyí tí iléeṣẹ́ ń wá: jórinjórin, iná mànàmáná, táìlì, ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú ètò ìkọ́ṣẹ́ wọn tí wọ́n ń pè ní NISDP.

Ẹ̀kẹta ni ètò TVET, ìyẹn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣí fún ìforúkọsílẹ̀ ní 2025, tí wọ́n sì ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ₦22,500 lóṣù fún akẹ́kọ̀ọ́. Èkìtì tún wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n yàn fún iṣẹ́ àkànṣe IDEAS, èyí tí Báńkì Àgbáyé fi owó tì lẹ́yìn láti tún kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí WAEC rẹ̀ kò dára, nítorí NABTEB ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì lè gbé ènìyàn dé pólì bí ó bá tún fẹ́ kàwé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí kọ̀ǹpútà lè wo 3MTT, ètò ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ṣùgbọ́n kí ó tó wọ̀ ọ́, kí ó ti ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ àti ọ̀nà tí yóò fi máa gba iná sí i, nítorí fóònù nìkan kò lè gbé e dé òpin.

Ní ti N-Power, ètò ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ìjọba dá a dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹni tó bá wá bá yín lónìí pé òun lè fi orúkọ yín sínú àkọ́sílẹ̀ N-Power àtijọ́, owó yín ló ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dá ìkéde òótọ́ mọ̀, kí ẹ sì kọ fọ́ọ̀mù

Àdírẹ́sì tó jẹ́ ti ìjọba máa ń parí sí .gov.ng. Ẹ wo lẹ́tà ìparí àdírẹ́sì náà kí ẹ tó tẹ nǹkan kan síbẹ̀, nítorí àwọn oníjìbìtì máa ń fi orúkọ ètò náà síwájú kí wọ́n tó fi ìparí mìíràn sẹ́yìn. Bí ìròyìn bá dé bá yín lórí WhatsApp, ẹ gbọ́ ọ lórí Rédíò Èkìtì tàbí Progress FM, tàbí kí ẹ pe ọ́fíìsì náà, kí ẹ tó gbà á gbọ́. Kò sí ètò kankan nínú èyí tí mo dárúkọ sókè yìí tí wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀. Owó tí ẹ lè san ni ti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó bá yín tẹ̀ ẹ́, ẹ sì béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹni tó bá ní òun mọ ènìyàn ní Àbújá, ẹ ní kí ẹni náà fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún yín ní ọ̀fẹ́ ná, kí ẹ rí i bí yóò ti yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹ lo nọ́ńbà fóònù tó jẹ́ tiyín. Mo ti rí ọmọ tí ó fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ sí i, ìjà dé láàárín wọn, ìpè ìdánwò sì wọlé sórí fóònù ẹni tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sínú ìwé, kí ẹ tẹ ìwé ìjẹ́rìí ìforúkọsílẹ̀ jáde, kí ẹ sì fi í sínú fáìlì yẹn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yan ibi ìkọ́ṣẹ́, ẹ yan ibi tí ẹ lè máa lọ lójoojúmọ́. Ẹni tó ń gbé ní Òmùò tó yan Adó gbọ́dọ̀ ti bá ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí kan sọ̀rọ̀ lórí ibi tí yóò máa sùn, nítorí owó ọkọ̀ lójúmọ́ yóò jẹ owó ìrànwọ́ oṣù náà tán kí ó tó wọlé.

Nígbà àyẹ̀wò, ẹ kó ojúlówó ìwé àti ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń bi ènìyàn ni ìdí tí ó fi yan iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti rin ìrìn ìgbésẹ̀ kìíní yóò lè sọ pé, "Ẹ̀rọ gàrí mẹ́rin ló wà ní abúlé wa, Ìjẹrò ni wọ́n ti ń pe ẹni tí ń tún un ṣe." Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí ẹ bá ti wọlé

Ẹ máa ṣírò ìgbésí ayé yín bí ẹni pé owó oṣooṣù kò ní tètè dé, nítorí ó máa ń pẹ́. Àwọn tó ń fi ibi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì, owó ọkọ̀ ló lé ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ bọ̀wọ̀ fún un bí ọmọ iṣẹ́ ti í ṣe, ẹ gbá ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán yín, ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ bá kọjá tí ẹ kò fọwọ́ kan irinṣẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, mo fẹ́ gbìyànjú èyí lójú yín." Bí kò bá yí padà, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wá ṣàbẹ̀wò, nítorí ìdí tí ó fi ń wá nìyẹn.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá fọwọ́ yín ṣe, kí ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti ṣe é, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Fọ́tò wọ̀nyí ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ fẹ́ rí, wọ́n sì tún wúlò fún NSQ, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí NBTE, àjọ ìjọba fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń bójú tó, nítorí ẹ̀rí iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Láti ibi ẹ̀kọ́ dé ìdí iṣẹ́

Ìwé tí wọ́n bá fún yín ní ọjọ́ ìparí kò tó fún gbogbo ibi. Ilé-iṣẹ́ ìjọba, ilé ìwòsàn àti yunifásítì tí ń gba oníṣẹ́ ọwọ́ sábà máa ń béèrè Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ètò iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí ó ní ìpele mẹ́ta: ìkẹta ni ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ìkíní ló ga jù. Ẹ béèrè ọjọ́ ìdánwò náà ní ọ́fíìsì wọn ní Adó kí ẹ tó parí ẹ̀kọ́, kí ẹ lè ṣe é nígbà tí ọwọ́ yín ṣì mú.

Bí wọ́n bá fún yín ní irinṣẹ́, ẹ má tà á. Mo mọ̀ pé ebi lè wà nílé, mo sì mọ iye tí àwọn tí ń ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun lẹ́yìn ayẹyẹ máa ń san: kì í tó ìdajì owó rẹ̀ lọ́jà. Bí ẹ kò bá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé irinṣẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yín, kí ẹ bá a ṣe àdéhùn pé ẹ ó máa pín owó iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Bí wọn kò bá fún yín ní nǹkan kan, ẹ kó ara yín jọ, ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún tẹ́ ẹ jọ kọ́ ọ, kí ẹ dá àjọ fún irinṣẹ́ kan tó wọ́n, kí ẹ sì máa lò ó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kì í sọ fún yín ni ti ẹgbẹ́. Kí aránṣọ, onídìrí tàbí jórinjórin tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ìlú púpọ̀ ní Èkìtì, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà yóò béèrè ọ̀gá tó kọ́ ọ àti ọjọ́ tí ó ṣe fírídọ̀mù. Ìwé ìjọba oṣù mẹ́ta lè má jọ wọ́n lójú, wọ́n sì lè wá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ tí ẹ ṣí i. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ lọ rí alága ẹgbẹ́ ní ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àti ọ̀gá tó kọ́ yín tàbí àgbà kan nínú ìdílé. Ẹ fi ìwé yín hàn án, kí ẹ béèrè ohun tí ẹgbẹ́ ń gbà àti iye oṣù tí ẹ lè fi san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀wọ̀ wọlé báyìí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ju iṣẹ́ kékeré tí wọn kò ráyè ṣe sí i.

Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ẹ padà lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé kékeré ìgbésẹ̀ kìíní, àwọn onílé Ìwọ́rọ̀kọ̀, àwọn ìyá tí ń ṣe gàrí, ẹni tí páìpù rẹ̀ ń jò nígbà náà. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti kọ́ iṣẹ́ náà tán, kí ẹ fi fọ́tò hàn wọ́n, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù yín sára ògiri wọn níbi tí ojú wọn yóò máa rí i.